Ẹ Má Ju Ọ̀bẹ Nù Nítorí Èkù

Ní sáà tó kọjá, èkù ọ̀bẹ tí ìyá mi fún mi là mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń gé iṣu. Ike ni èkù náà. Ó ti sún mọ́ iná jù lẹ́ẹ̀kan rí, ó sì ti ń sán díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá wò ó, ó ní: "Jù ú nù jàre, ọ̀bẹ ò wọ́n." Ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí ti wà ní ọdún kẹrin nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ o! Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ọ̀bẹ lọ, òun ló sì jẹ́ kí n kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó bàjẹ́ gan-an. Irin ọ̀bẹ náà kò ṣẹ́, kò dípẹtà, ó ṣì mú. Irin kan náà tó jẹ́ ojú ọ̀bẹ ló gùn wọ inú èkù títí dé ìdí. Ihò mẹ́ta wà lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kàn fi abala ike méjì há a láàárín ni, wọ́n sì fi ìṣó kàn wọ́n pọ̀. Abala ike méjì yìí nìkan ló bàjẹ́. Ta ló ń ju bàtà nù nítorí pé okùn rẹ̀ já?

Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìgbà tá a bá fẹ́ sọ pé kò sẹ́ni tó dá tó la máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́: ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti gbà pé èèyàn ló ń gbẹ́ èkù. Nílé alágbẹ̀dẹ, wọ́n á fi iná mú ìdí ọ̀bẹ gbóná, wọ́n á sì kì í bọ inú igi. Bí igi náà bá jẹrà, wọ́n á gbẹ́ òmíràn. Irin ni wọ́n ń tọ́jú.

Mo pinnu láti ṣe tèmi fúnra mi. Mo fi aṣọ nípọn wé ojú ọ̀bẹ kó má baà gé mi. Mo fi ayùn irin gé orí àwọn ìṣó, mo sì gbá wọn jáde. Káfíńtà kan fún mi ní àjákù igi apá, ó bá mi là á sí pẹlẹbẹ méjì tí ìnípọn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mìlímítà 8. Mo gbé irin lé igi, mo fi bírò yí i ká, mo sì gba inú ihò irin náà lu igi, nítorí irin tó ti le kì í gbà kí èèyàn lu ihò tuntun bọ̀rọ̀. Iwájú igi, níbi tó ti kọjú sí ojú ọ̀bẹ, ni mo kọ́kọ́ fá kó dán, torí bí gọ́ọ̀mù bá ti mú un, fáìlì á máa ha irin. Mo wá fi ọ̀pá idẹ sínú ihò, mo fi èpóksì lẹ̀ ẹ́, mo sì dè é.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo dè é le jù, gbogbo gọ́ọ̀mù tú síta, ló bá ṣí. Ìgbà kejì, mo fi sánńpépà ha irin kó lè di gọ́ọ̀mù mú, mo dè é níwọ̀nba, mo sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ó dúró. Títí di òní, òun ni mo fi ń gé iṣu. Mi ò kàn ń fi í sínú omi di ọjọ́ kejì ni.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ ó ní ọ̀bẹ tuntun ò wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tí kò wọ́n náà fẹ́lẹ́, iṣu ń tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì tún ra òmíràn. Ẹ ó ní iṣẹ́ káfíńtà ni, ká jẹ́ kó jẹun. Mo gbà, ẹ gbé e fún un! Ẹni tó ju ọ̀bẹ nù kò fún káfíńtà kankan níṣẹ́. Àwọn kan á ní kí wẹ́dà jó páìpù mọ́ ọn. Ẹ má dán an wò: bí iná bá mú irin ọ̀bẹ débi tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, líle rẹ̀ ti lọ. Lóòótọ́, àwọn ọ̀bẹ kan wà tí irin wọn kò wọnú ike jìnnà. Ìyẹn ò ṣeé ṣe báyìí.

Èyí tó kù ni ẹ kì í fẹ́ sọ síta: pé a ò wá sí yunifásítì láti di oníṣẹ́ ọwọ́. Ibi tí mo ti bínú gan-an nìyẹn. Èèyàn lè gba máàkì tó ga nínú ìdánwò nípa irin, kó má mọ̀ pé irin ọwọ́ òun ṣì dára. Ìwé wo la wá kà nígbà náà?

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí ẹ̀ka tó bá ní ilé ìṣiṣẹ́ ṣí i fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní Sátidé kan láàárín sáà, kí àwa náà gbé ohun tó bàjẹ́ wá. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, dípò ẹ̀bùn kàlẹ́ńdà, ẹ fún wa ní fáìlì àti dírílì.

Bí ọwọ́ ọmọdé ò bá tíì tẹ èkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Lójoojúmọ́ là ń bèèrè ikú tó pa àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ yìí. Ṣé ọwọ́ wa ti tẹ èkù?