Opera Mini ń ṣọ́ dátà wa, ta ló ń ṣọ́ àṣírí wa?

Nígbà tí Opera Mini dé láti orílẹ̀-èdè Norway lọ́dún 2006, fóònù kékeré ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, dátà sì wọ́n. Sáfà ilé-iṣẹ́ Opera ló ń kọ́kọ́ gba ojú ewé tí a fẹ́ kà, yóò fún un pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́ sí wa. Ìdí nìyẹn tó fi gbayì ní Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó báni di ẹrù lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2016, àwọn olókòwò ilẹ̀ Ṣáínà ló ra iṣẹ́ náà.

Ẹ máa fi ka ìròyìn. Tó bá kan owó báńkì, ẹ kọ́kọ́ pa ètò tó ń fún dátà pọ̀ yẹn. Kí àwọn ìjọba wa náà wá nǹkan ṣe sí owó dátà: kò yẹ kó jẹ́ àṣírí ara rẹ̀ ni tálákà yóò máa fi ra ayélujára.