Ẹ Má Tẹ̀ka Sí Ìwé Tí Lọ́yà Ẹlòmíràn Gbé Wá: Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì Fáwọn Àgbà Òrè àti Òdìgbó

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa ní Òrè, ní Òdìgbó, ní Àràròmí, ní Onípárágà àti ní gbogbo abà tó wà láàárín oko kòkó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, kò sì ṣeé fi falẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé wá síwájú yín pé kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ ní kó fi ìwé náà sílẹ̀ kó máa lọ. Bí kò bá gbà láti fi í sílẹ̀, ìwé burúkú ni. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lónìí, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ lọ́la, àfi tí agbẹjọ́rò tí ẹ̀yin fúnra yín wá, tí ẹ̀yin fúnra yín sanwó fún, bá ti kà á fún yín láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní èdè tí ẹ gbọ́.

Ilẹ̀ agbègbè wa ti di ohun tí gbogbo ayé ń lé. Ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin gba Òrè kọjá. Àwọn ará Ṣáínà ti kọ́ ilé-iṣẹ́ sí apá Ọmọ́tọ́ṣọ̀. Ní ọdún 2024, owó kòkó lọ́jà àgbáyé fò kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan. Oko tí ẹnikẹ́ni kì í yà wò tẹ́lẹ̀ ti wá di ohun tí àwọn oníbàárà ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ta ló sì ni púpọ̀ nínú oko wọ̀nyí? Àwọn àgbàlagbà ni, àwọn tó fọwọ́ ara wọn gbin kòkó náà, tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn alágbàtà ilẹ̀ mọ èyí ju bí àwa ọmọ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tí ẹ ti rí kẹ́yìn tipẹ́ á dédé yọ, òun àti ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú. Wọ́n á gbé búrẹ́dì àti àpò ìrẹsì kékeré lọ́wọ́, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n á ní ìjọba fẹ́ kọ orúkọ àwọn tó ní oko kòkó sílẹ̀, kí wọ́n lè fún wọn ní ajílẹ̀. Ìwé náà nípọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ojú ewé tó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n sì máa ṣí. Wọ́n á ṣí agolo tádàwà pẹlẹbẹ, wọ́n á di ọwọ́ bàbá mú, wọ́n á gbé àtàǹpàkò náà síbi tí wọ́n fẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì fi tíṣù nu ọwọ́ fún un. Ó ti tán. Nígbà tó bá yá, katapílà á wọ oko.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí lọ́yà ni wọ́n mú wá." Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ lọ́yà tòótọ́. Ibi tó ti ń dun àwọn ènìyàn wa jù nìyẹn. Lọ́yà tí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ sanwó fún, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún. Bó ṣe wù kó pè yín ní bàbá tó, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé oníbàárà rẹ̀ rí ilẹ̀ náà gbà, kó sì dì í mú gírígírí. Òfin ìṣe àwọn agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí lọ́yà kan náà dúró fún ẹni méjì tí ohun tí wọ́n ń wá tako ara wọn. Nítorí náà, bí ó bá ní òun á ṣojú ẹ̀yin náà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ wá tiyín.

A kò bú àwọn agbẹjọ́rò o. Olóògbé Rotimi Akérédolú, tó ṣe gómìnà wa láti 2017 títí ó fi kú ní oṣù Kejìlá 2023, ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà rí. Àwọn tó ń fi òótọ́ inú ṣe iṣẹ́ náà pọ̀. Àwọn náà lẹ gbọ́dọ̀ wá lọ, kí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ tó wá bá yín nílé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé tí wọ́n gbé wá yẹn, ká wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé kà wà, ó sì ti pẹ́. Ó ní ẹni tó bá kọ ìwé fún wọn gbọ́dọ̀ kà á, kó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlà kan fi máa ń wà nítòsí ibi tí a ń tẹ àtàǹpàkò sí, tó ń sọ pé wọ́n ti ka ìwé yìí fún lágbájá ní èdè Yorùbá, ó sì yé e yékéyéké. Bí wọn kò bá kà á tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín jẹ́rìí pé wọ́n kà á. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ìlà yẹn ni wọ́n máa fi kò yín lójú.

Ìwé tó léwu jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní power of attorney, ìyẹn ìwé tó ń fún ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣe ohun gbogbo lórúkọ yín. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹ ti gba owó, àti pé ẹ kò lè gba àṣẹ náà padà mọ́, ẹ mọ̀ dájú pé wọ́n ń ra ilẹ̀ yín ni. Àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo fẹ́ bá wí níbí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2005 fi àyè sílẹ̀ fún irú àṣẹ kan tí wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tó sì ń bá a lọ bí ọpọlọ òbí kò bá tilẹ̀ jí pépé mọ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ lásán tí bàbá yín fún yín níbí máa ń dópin bí ọpọlọ rẹ̀ bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, tàbí bí ó bá kú. Ẹ má tẹ ìwé kan jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sílé pé kí màmá tẹ̀ka sí i.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ lọ́yà? Ní Amẹ́ríkà, àwọn agbẹjọ́rò kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà nìkan ni wọ́n ń bójú tó. Ẹ kò ní rí pátákó irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ ní Òrè. Ẹni tó ti ń ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ogún fún ìgbà pípẹ́ ni kí ẹ béèrè. Orúkọ lọ́yà tòótọ́ wà nínú ìwé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ l'Ábùjá, ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Láti 2015 ni ẹgbẹ́ wọn, NBA, ti ń fún wọn ní sítáǹpù tí orúkọ àti nọ́ńbà náà wà lára rẹ̀. Ẹ ní kó fi hàn yín. Ẹ ní kí ọmọ kan bá yín béèrè orúkọ náà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ NBA ní Àkúrẹ́. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kóòtù kì í ṣe lọ́yà: òfin àwọn agbẹjọ́rò kò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè láti gbowó kọ ìwé títa ilẹ̀ tàbí ìwé tó jẹ mọ́ ogún.

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà tí ẹ bá ti yàn. Bí ọmọ bá wakọ̀ gbé yín lọ, kó dúró níta nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé èyí máa ka ọmọ rere lára, ṣùgbọ́n lọ́yà gidi fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ gbọ́ tẹnu bàbá nìkan. Ẹ béèrè iye tó máa gbà kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gba rísíìtì. Owó ilẹ̀, bí ẹ bá pinnu láti tà, kó wọ àkáǹtì tiyín ní báńkì. Ilẹ̀ ẹbí sì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: olórí ẹbí kò lè dá a tà láìgba ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè há a fún ọmọ tirẹ̀ nínú ìwé ìhágún. Ní ti ìwé ìhágún, ẹlẹ́rìí méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lójú kan náà, kí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fún ní nǹkan má sì ṣe wà lára wọn, torí ìpín rẹ̀ lè sọnù.

Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn dákẹ́. Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́ fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan. Àwọn ìyá lè wá ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, FIDA, lọ.

Bí ẹ bá ti tẹ̀ka ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín jókòó sílé. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní títa ilẹ̀ ń fẹ́ ìyọ̀ǹda gómìnà, ilẹ̀ oko tó wà lábẹ́ ìṣàkóso ìbílẹ̀ sì ń fẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Àárín ìgbà tẹ́ ẹ tẹ̀ka sí ìgbà tí ìyọ̀ǹda bá jáde ni àyè wà láti dá wọn dúró. Kí lọ́yà yín kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó tó wà ní Òrè, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ìdádúró ló ń sọ ọ̀rọ̀ tó ṣeé tún ṣe di ẹjọ́ ọlọ́dọọdún.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ìmáàmù, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìkìlọ̀ yìí sókè fún àwọn àgbà yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá sì ti tẹ̀ka sí ìwé tí kò yé e, kó wá lọ́yà tirẹ̀ lọ lọ́la, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.