Ohun tí Ó Wà Lábẹ́ Awọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ wo sinimá Alien fún ìgbà àkọ́kọ́ fi òwe yìí sọ́kàn kí ó tó jókòó. Ọdún 1979 ni sinimá náà jáde. Ridley Scott, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó darí rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n sì ti yà á. Ó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wò ó lónìí lọ, èyí ni ó fà á tí àwọn ọ̀dọ́ kan fi ń fi í rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ní àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ti di ohun àkìtàn. Àwọn òbí kan, ẹ̀wẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Wọ́n ní eré ìdẹ́rùbani lásán ni, kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Àti ẹni tí ń rẹ́rìn-ín, àti ẹni tí ń sá, awọ ara eré náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Ọ̀rọ̀ náà sì wà lábẹ́ awọ.

Ìtàn inú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nostromo ń wọ́ ẹrù àlùmọ́ọ́nì tí ó tó mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù bọ̀ wá sí ilé ayé. Òṣìṣẹ́ 7 ni ó wà nínú rẹ̀, ọkùnrin 5 àti obìnrin 2, pẹ̀lú ológbò kan. Wọn kì í ṣe ọmọ ogun, wọn kì í sì í ṣe akọni. Wọ́n kàn fẹ́ gba owó iṣẹ́ wọn kí wọ́n sì padà sílé ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Parker àti Brett, tí ń tọ́jú ẹ̀rọ ọkọ̀, ti ń ráhùn pé ìpín àwọn kò tó ti àwọn yòókù. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jí gbogbo wọn lójú oorun nítorí pé ó gbọ́ àmì kan láti ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé rí. Parker ní iṣẹ́ àwọn kọ́ nìyẹn. Ash, tí í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì inú ọkọ̀, ni ó rán wọn létí ohun tí ó wà nínú ìwé àdéhùn wọn: ẹni tí ó bá kọ̀ láti yẹ irú àmì bẹ́ẹ̀ wò, gbogbo owó rẹ̀ ti wọgbó. Ìwé àdéhùn ni ó mú wọn gúnlẹ̀ síbẹ̀, kì í ṣe ẹranko.

Níbẹ̀ ni ẹ̀dá kan ti fò mọ́ Kane lójú, tí ó sì lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, Ripley, obìnrin tí àṣẹ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkókò náà, kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn. Ó ní òfin sọ pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ wà ní ìyàsọ́tọ̀ fún wákàtí 24. Ọ̀gá rẹ̀ pàṣẹ fún un láti ìta pé kí ó ṣí i, kò ṣí i. Lójú ẹni tí ń wo eré náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ìkà ni Ripley, aláàánú sì ni Ash tí ó na ọwọ́, tí ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí ẹ̀dá mìíràn fi dá àyà Kane lu níbi tí wọ́n ti ń jẹun, tí ó já jáde, tí ó sá lọ, tí ó sì dàgbà di ẹranko ńlá tí ń dọdẹ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn 7, Ripley nìkan ni ó yè, òun àti ológbò.

Ṣùgbọ́n kí eré náà tó parí, Ripley rí ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà. Ó bi kọ̀ǹpútà ọkọ̀ léèrè, kọ̀ǹpútà sì fi àṣẹ ìkọ̀kọ̀ tí ilé-iṣẹ́ wọn pa hàn án: kí ẹ̀dá náà ṣáà ti dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́, ohun mìíràn gbogbo kò tó nǹkan, títí kan ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́. Ash ni ó mọ̀ nípa àṣẹ yìí. Bí Ripley ṣe mọ̀ ọ́n tán ni Ash gbìyànjú láti pa á. Nígbà tí Parker fi irin gbá Ash, orí yẹ̀ kúrò lọ́rùn, ohun funfun bíi wàrà ni ó sì ń dà dípò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ ni! Ilé-iṣẹ́ ni ó fi í rọ́pò onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn tẹ́lẹ̀, ní ọjọ́ 2 péré kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹni tí wọ́n ní kí ó fẹ́ wọn lójú, ata ni ó fi sẹ́nu.

Kí a wá yí ojú sí ẹranko náà fúnra rẹ̀. H. R. Giger, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó ya ìrísí rẹ̀: orí gígùn tí a kò rí ojú níbẹ̀, ẹnu tí ẹnu mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àrà inú eré náà mú kí Giger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 1980. Ta ni ó wà nínú awọ yẹn? Ọmọ Yorùbá ni: Bọ́lájí Bádéjọ, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1953. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ẹnì kan tí ń bá àwọn onísinimá wá òṣèré ṣe alábàápàdé rẹ̀. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àbọ̀ lọ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ara ṣeré láìsọ̀rọ̀, kí ìrìn rẹ̀ má ba à jọ ti ènìyàn. Nítorí ìrù tí ó wà lára aṣọ náà, kò lè jókòó sórí àga. Ṣe ni wọ́n so jangirọ́fà fún un kí ó lè máa sinmi. Eré kan ṣoṣo yìí ni ó ṣe láyé rẹ̀. Ó padà sí Nàìjíríà, ó ṣí ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì pa á ní ọdún 1992, kò tíì pé ẹni 40 ọdún.

Ohun tí ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ rí nìyí. Ẹni tí ó wà nínú awọ tí gbogbo ayé ń sá fún jẹ́ ọmọ ènìyàn tí àárẹ̀ ń mú, tí ó ń wá ibi tí yóò fi ìdí lé. Ohun tí ó wà nínú awọ tí gbogbo òṣìṣẹ́ fọkàn tán kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ẹnì kan lè sọ pé ẹranko ṣáà ni ó pa wọ́n, ilé-iṣẹ́ kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹranko kò mọ orúkọ wọn. Bí a ṣe dá a ni ó ń ṣe. Àwọn tí wọ́n pa àṣẹ náà mọ iye àwọn òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n mọ ìpín olúkúlùkù, wọ́n sì ti kà wọ́n mọ́ ohun tí ó lè ṣòfò. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Kò sí ẹni tí ó ní kí a gbé eré yìí síwájú ọmọdé. Ẹ̀rù inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ọkàn tí kò tíì gbó. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó ti ń wá iṣẹ́, tí wọ́n ń tẹ́ ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀ pé kí ó yára buwọ́ lù ú, tó ẹni tí ó lè wò ó. Kí ó fi etí sí Parker nígbà tí ó ń béèrè owó rẹ̀. Kí ó kíyè sí ẹni tí ó ń ṣílẹ̀kùn tẹ̀ríntẹ̀rín, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé ta ni ẹni náà ń ṣiṣẹ́ fún. Kí ó má ṣe yára pe ẹni tí ó di òfin mú ní ìkà, nítorí pé ká ní wọ́n gbọ́ ti Ripley lẹ́nu ọ̀nà ni, ẹranko náà ìbá má wọlé tì wọ́n. Nígbà tí eré bá sì parí, tí orúkọ àwọn òṣèré ń kọjá, kí ó má tètè pa á. Orúkọ Bọ́lájí Bádéjọ wà níbẹ̀. Kí ó dúró kà á.