Ẹni Tó Bá Fẹ́ Fún Wa Lómi, Kó Jókòó Sílé Rẹ̀

Níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Makera, nílùú Kaduna, ọkùnrin kan dìde, ó ní ọmọ òun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Màláwì, ó lọ bá wọn gbẹ́ kànga lábúlé kan. Ọmọ náà ló sanwó ọkọ̀ òfúrufú, òun náà ló sanwó fún àwọn tó ṣètò ìrìn àjò ọ̀hún. A pàtẹ́wọ́. Àfi bó ṣe ní irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ ò sí lára àwọn ọmọ tiwa níbí, pé bí a bá gbọ́n, ká kọ̀wé sí àwọn àjọ aláàánú òkè òkun, kí wọ́n kó ọmọ wọn wá fún wa lómi.

Ara mi ò tíì rọlẹ̀ dòní. Ìfowóṣòfò ni àṣà kíkó ọmọ lọ gbẹ́ kànga fún ọ̀sẹ̀ méjì nílé onílé, ìwọ̀sí sì ni. Kó dópin.

Ọkùnrin náà fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ hàn wá lórí fóònù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fẹ̀ ẹ́ kó tóbi. Ọmọ náà wọ ìbọ̀wọ́ tí kò ní ẹrẹ̀ kankan lára, ó di ṣọ́bìrì mú nísàlẹ̀, nítòsí irin, bí ẹni tí kò dì í mú rí. Àwọn ọmọdé tò yí i ká. Lẹ́yìn wọn, ọkùnrin méjì wà nínú ihò, orí wọn nìkan ló yọ síta, wọn ò sì kọjú sí wa. Àwọn yẹn ló ń gbẹ́ kànga! Baba wọn gbẹ́ ẹ, àwọn náà mọ ibi tí omi wà nílẹ̀ ọ̀hún. Ọmọ tí wọ́n ń bu omi inú ike fún, tí wọ́n ń bò lórí nítorí oòrùn, kí ló fẹ́ kọ́ wọn? Ká ní wọ́n pín owó ọkọ̀ rẹ̀ fún àwọn méjèèjì, wọn ì bá ti gbẹ́ òmíràn. Bàbá rẹ̀ ń pè é ní akọni. Akọni wo ló ń ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀ nílé onílé, tó sì lọ kí ẹ̀rọ kànga tó kọ́kọ́ bàjẹ́?

Ẹ̀rọ á sì bàjẹ́ dandan. Ní 2009, àkọsílẹ̀ tí wọ́n kó jọ láti nǹkan bí ogún orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà fi hàn pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ẹ̀rọ afọwọ́fà ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ tún wo PlayPump, ohun ìṣeré tí wọ́n ṣe ní Gúúsù Áfíríkà, tí àwọn ọmọdé á máa yí, tí omi á máa jáde. Ní 2006, Laura Bush, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kéde mílíọ̀nù 16.4 dọ́là fún un. Lọ́dún 2009, ìwé ìròyìn Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìṣirò pé kí omi rẹ̀ tó lè kárí iye èèyàn tí wọ́n ṣèlérí, àwọn ọmọ ní láti ṣeré fún wákàtí 27 lójúmọ́. Àwọn ìyá àgbà ló wá ń fi ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n tì í yípo.

Ní Makera ńkọ́? Ihò kọ́ ló wọ́n lọ́dọ̀ wa. Mẹ́ruwà ń ti ọmọlanke kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀, kẹ́ẹ̀gì omi kún un. Gọ́tà ńlá ń gbé ìdọ̀tí àwọn ilé-iṣẹ́ gba àárín wa kọjá lọ sínú odò Kaduna. Ṣé ọmọ ọlọ́sẹ̀ méjì ló máa bá wa kó gọ́tà yẹn? Àwọn tó sì mọ ẹ̀rọ tún ṣe pọ̀ níbí. Kaduna Textiles dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lápá ibí ní 1957, ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL ti ilẹ̀kùn ní 2007, àwọn fítà àti wẹ́dà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣì wà láàárín wa láìríṣẹ́.

Ọkùnrin tó fi fọ́tò hàn wá yìí kan náà ni kò san kọ́bọ̀ nígbà tí àdúgbò dáwó láti tún kànga ẹ̀rọ wa ṣe. Ó ní òun ti gbẹ́ tòun sínú ọgbà. Mi ò gbàgbé, mi ò sì ní gbàgbé. Àwọn ọmọ tó ní wọn ò nírú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ ló ń kó gọ́tà àdúgbò kí òjò tó dé, ẹnìkan ò sì ya wọ́n ní fọ́tò.

Ta ló lé sòbìà, àrùn tó ń bá omi mímu wá, lọ ní Nàìjíríà? Ní 1988 sí 1989, wọ́n ka èèyàn tó lé ní 650,000 tó ní in. Owó òkè òkun wà níbẹ̀, àjọ Jimmy Carter wà níbẹ̀, Ọ̀gágun Gowon náà rìn káàkiri abúlé. Ṣùgbọ́n ará ìlú ló ń gbé asẹ́ omi láti ojúlé dé ojúlé. Ní Ìdèrè, n'Ìbàràpá, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn dá àwọn ará ìlú lẹ́kọ̀ọ́, àwọn fúnra wọn ló sì ń ta asẹ́ fún aládùúgbò wọn. Nígbà tí òjò ọdún kejì rọ̀, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ọdún 2008 la rí ẹni tó ní in kẹ́yìn, WHO sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti tán.

Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tó bá ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́, kó fi ránṣẹ́. Kí wọ́n fi ra páìpù àti wáṣà, kí wọ́n fi kọ́ obìnrin méjì lábúlé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ àti bí wọ́n ṣe ń dè é padà, kí wọ́n sì máa sanwó fún wọn lóṣooṣù. Ẹnjiníà omi tó lè dúró ọdún méjì, kó máa bọ̀. Àwọn yòókù, kí wọ́n jókòó sílé.