Kọ̀ǹpútà Mọ Refẹ́rẹ́ǹsì Tò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé prọ́jẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá ni tẹ̀wé ní Owódé Onírin, ní Kẹtu àti Máìlì 12 l'Ékòó, irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín pé ọwọ́ nìkan la fi ń to refẹ́rẹ́ǹsì, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹ wo ìwé Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, The Invention of Women, tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Minnesota gbé jáde ní 1997. Ẹ̀dà kẹfà ìlànà ìtọ́kasí APA ní kí ẹ kọ Minneapolis ṣáájú orúkọ ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀dà keje, tó jáde ní 2019, ní kí ẹ yọ ìlú kúrò. Ẹni tó fi ọwọ́ to ìwé 80 yóò yọ ìlú lójú 80. Ẹni tó lo Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń to refẹ́rẹ́ǹsì, tó ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2006, tó sì ń bá Word ṣiṣẹ́, yóò kàn yan ìlànà tuntun ni, gbogbo rẹ̀ á yí padà. Òfin ni ìlànà ìtọ́kasí, òfin sì rọrùn fún ẹ̀rọ láti tẹ̀ lé. Èdè CSL ni wọ́n fi kọ òfin yìí sínú fáìlì kékeré. Fáìlì kan náà tí Zotero ń kà ni Typst, ètò ìtẹ̀wé, ń kà. Ní ti LaTeX, ètò ìtẹ̀wé mìíràn, BibTeX ti ń bá a ṣe irú iṣẹ́ yìí láti 1985.

Àwọn tó ń tẹ̀wé yìí á ní kọ̀ǹpútà máa ń ba orúkọ Yorùbá jẹ́. BibTeX kò mọwọ́ àmì wa lóòótọ́, torí wọ́n ti ṣe é kí Unicode, ìlànà tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, tó dé. Biber tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ń ka ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn láìsí wàhálà. Ẹni tó tẹ "Oyewumi O." sínú rẹ̀ ló ba orúkọ jẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé, tàmì tàmì: APA á gé Oyèrónkẹ́ kù sí O., ìlànà MLA á fi í sílẹ̀ lódindi. Ẹ̀rọ lè gé orúkọ kúrú, ṣùgbọ́n kò lè mọ èyí tí ẹ kò fún un. Onísípéà páàtì ní Owódé Onírin pàápàá á kọ́kọ́ béèrè irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ kó tó nawọ́ sí irin. Nítorí náà, ẹ ṣí ìwé fúnra yín, kí ẹ wo orúkọ àti ọdún tó wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Akọka, Òjó àti Ìkòròdú, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín: ẹ̀ka tó bá ní ìlànà tirẹ̀, kó kọ ọ́ sí fáìlì CSL, kó sì fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba àkòrí.