Ẹ̀yin aboyún ilẹ̀ Yewa, ṣúgà inú oyún kọ́ ló ń bí jẹjẹrẹ ọmú o

Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún aboyún kan ní Ìlaró tàbí Ayétòrò pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni ara rẹ̀ á bù máṣọ. Kó tó délé, ọ̀rọ̀ ti di ńlá. Ìyá ọkọ á ní kò sí àtọ̀gbẹ nínú ìdílé àwọn. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń tajà á ní òun gbọ́ pé obìnrin tó bá ní ṣúgà nínú oyún, jẹjẹrẹ ọmú ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀, àgàgà tí kò bá tíì dàgbà púpọ̀. Bí ẹni tó lọ tọ́jú àìsàn kan ṣe máa ń gbé ẹ̀rù méjì wálé nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bú ọ̀rẹ́ yẹn o, nítorí àwọn oníṣègùn gan-an ti bi ara wọn ní ìbéèrè náà. Insulíìnì ni omi ara tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tí oyún bá dé, omi tó ń ti ara ibi ọmọ jáde kì í jẹ́ kí insulíìnì ríṣẹ́ ṣe dáadáa, ara á wá máa ṣe púpọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, insulíìnì tó bá pọ̀ máa ń mú kí ẹran ara dàgbà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní, ṣé kò ní mú kí jẹjẹrẹ náà dàgbà nínú ọmú báyìí?

Wọ́n wá tẹ̀lé àwọn ìyá ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí wọ́n ṣe ní Jerúsálẹ́mù, tó jáde ní 2008, rí i pé jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tó ti ní ṣúgà inú oyún rí, ṣùgbọ́n lára àwọn tó ti pé 50 ọdún sókè ni. Àwọn tí kò tíì pé 50, kò sí àlékún kankan. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀lé nọ́ọ̀sì tó ju 80,000 lọ. Èsì tó jáde ní 2017 sọ pé àwọn tó ní ṣúgà inú oyún ni jẹjẹrẹ ọmú tiẹ̀ kéré lára wọn. Ní 2023, wọ́n ka èsì mìíràn láti Denmark níbi ìpàdé àwọn oníṣègùn àtọ̀gbẹ ní Hamburg, nílẹ̀ Jámánì. Obìnrin tó lé ní 700,000 ni wọ́n yẹ̀ wò, àwọn tó kọ́kọ́ bímọ láàárín 1997 sí 2018. Nínú wọn, àwọn tó ní ṣúgà lé ní 24,000. Jẹjẹrẹ ọmú kò pọ̀ lára àwọn wọ̀nyí ju tàwọn yòókù lọ.

Ẹ̀rù tó yẹ kó ba ìyàwó ilé wà níbòmíràn. Ṣúgà inú oyún máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ, inú gbogbo ilé á sì dùn pé ó ti tán. Kò tán o! Obìnrin tó bá ti ní in rí, ewu pé àtọ̀gbẹ gidi á mú un lọ́jọ́ iwájú tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti ẹni tí kò ní in rí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó padà lọ yẹ ṣúgà wò láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá tó bímọ tán, kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, ó pẹ́ tán, ọdún mẹ́ta mẹ́ta.

Ọ̀pọ̀ kì í tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní in, nítorí kì í dunni. Ìtọ̀ nìkan tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní kíníìkì kò tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni wọ́n máa ń fún aboyún ní omi gúlúkóòsì mu, tí wọ́n á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tó bá ń gba agbo lọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí nìkan, ta ni yóò bá a yẹ̀ ẹ́ wò? Tí ọmọ bá wá tóbi jù nínú, tí èjìká rẹ̀ há níbi ìkúnlẹ̀, wọ́n á ní ayé ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ náà ńkọ́, tẹ́ ẹ rò pé mọ́ọ̀tì lójoojúmọ́ ni ìfẹ́? Ẹ rọra o. Ẹ bu ẹ̀bà àti làfún níwọ̀n, kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ lórí àwo, kí ìyàwó sì máa rìn. Èyí nìkan tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí kò bá tó fún, dókítà á fún un lóògùn.

Jẹjẹrẹ ọmú ńkọ́? Ó wà, ó sì ń mú àwọn tí kò tíì pé 50 ọdún nílẹ̀ wa gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn yẹ obìnrin 1,136 tó ní in wò. Èsì wọn jáde ní 2018: nǹkan bíi 15 nínú 100 ló jogún àbùkù tó ń fà á láti ara bàbá tàbí ìyá. Nítorí náà, ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ní in rí, kó sọ fún dókítà, ì báà ní ṣúgà, ì báà má ní.

Ohun tó burú jù nínú àhesọ yìí ni pé ó lè mú kí ìyá kan gba ọmú lẹ́nu ọmọ nítorí ìbẹ̀rù. Ó ti ju ààbò ara rẹ̀ nù nìyẹn! Àyẹ̀wò 47 láti orílẹ̀-èdè 30, tí wọ́n kó jọ ní 2002, fi hàn pé ọdún kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá fi fún ọmọ lọ́mú ń dín ewu jẹjẹrẹ ọmú kù ní nǹkan bíi 4 nínú 100. Fífún ọmọ lọ́mú yẹn kan náà ló tún ń dín ewu àtọ̀gbẹ kù fẹ́ni tó ti ní ṣúgà inú oyún.

Ṣùgbọ́n tí kókó kan bá wà nínú ọmú, kí ẹnikẹ́ni má kàn sọ pé wàrà ló dì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò lọ, yálà ó ń dunni tàbí kò dunni, ọsibítù ìjọba Ìlaró tàbí ti Ayétòrò ló kàn. Tó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ̀wé síni lọ sí FMC Ìdí-Aba, l'Ábẹ́òkúta. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé e lọ sílé aládùúrà tàbí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, ìgbà tí ọmú bá ti dégbò ni wọ́n ń dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.