Ẹ Fi Ìlọrin Etí Òkun Sílẹ̀

Ẹjọ́ kan ń lọ lọ́wọ́ láàárín wa tí mo fẹ́ dá sí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè mí. Láti ìgbà tí Tómi Adéyẹmí ti gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Children of Blood and Bone, jáde ní oṣù kẹta ọdún 2018, ni àwọn kan, àtolùkọ́ àtakẹ́kọ̀ọ́, ti ń nà án ní pàṣán ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ tí a kò fi Yorùbá tọ́ ni ó ń fi òrìṣà Yorùbá dárà. Wọ́n ní ó gbé Ìlọrin lọ sí etí òkun, ó sọ ọ́ di abúlé apẹja tí ó léfòó sórí omi. Wọ́n ní ó pe ilẹ̀ inú ìtàn náà ní Orïsha, ó sì to àmì tóótòòtó méjì lé lẹ́tà kan lórí, irú èyí tí olùkọ́ Yorùbá kan kò kọ́ ọmọ rí.

Ó dára. Ta ni ó rí Igbó Irúnmalẹ̀ nínú àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà? Nígbà tí Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938, n kò gbọ́ pé ẹnì kan ní kí ó wá fi ọ̀nà ibẹ̀ han òun. Ẹni tí ó bá ń wá ibùdókọ̀ ojú irin Ìlọrin nínú ìtàn iwin, ìwé mìíràn ni ó yẹ kí ó rà. Fágúnwà pàápàá yá nǹkan lò. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn wá pé ìwé Bunyan lórí ìrìn àjò onígbàgbọ́ wà lára ohun tí ó là á lójú. A kò torí ìyẹn lé e kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìwé ọmọbìnrin yìí ṣe wáyé. Àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà, wọn kò sì kọ́ àwọn ọmọ ní èdè wọn. Ó kàwé gboyè nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Harvard, ó rí owó ìwádìí gbà lọ sí Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Níbẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ni ó ti rí àwòrán àwọn òrìṣà, dúdú minimini, tí wọ́n yà wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé nínú rẹ̀. Ìbínú àti ẹkún lórí àwọn ènìyàn dúdú tí ọlọ́pàá ń yìnbọn pa ní Amẹ́ríkà ni ó sì mú un jókòó ti ìwé. Oṣù kan péré ni ó fi kọ àkọkọ́kọ́ rẹ̀ kí ó lè bá ìdíje kan. Lẹ́yìn náà ó tún un kọ, ó tún tún un kọ.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ Adéyẹmí, òde ni ó ti rí ẹ̀ṣọ́ ilé. Ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia, tí wọn kò mú nǹkan kan dání ju ohun tí ó wà nínú wọn lọ, wọ́n pa Ṣàngó àti Yemọja mọ́ de ọmọ wọn. Àwa tí a jókòó sílé, tí a ní yunifásítì àti ilé ìtẹ̀wé, à ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọdé tí ó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì! Kí irú wa wá máa bínú sí ọmọ tí ó ṣìnà orúkọ?

Ṣùgbọ́n n kò ní pọ́n ọn kọjá bí ó ti yẹ. Ọfọ̀ inú ìwé náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí àwọn onídán rẹ̀ bá fẹ́ pe agbára, Yorùbá ni wọ́n ń fọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi èdè mìíràn rọ́pò rẹ̀, ìtàn kò ní yingin. Ọfọ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń pe ọfọ̀ mọ ìpìlẹ̀ ohun tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ń mú orúkọ ewé bá ohun tí ó ń fẹ́ dún: ohun tí orúkọ náà fi jọ ọ̀rọ̀-ìṣe ni iṣẹ́ ewé náà. Ẹ ṣi ohùn kan pè, oògùn ti bàjẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè fi èyí kọ ìtàn. Àwa lè ṣe é. A kò ṣe é.

Àwọn mìíràn tún ní ìfẹ́ inú rẹ̀ ni kò bá ti Yorùbá mu, pé Zélie àti Inan, ọmọ ọba tí ń lé e kiri, ń pàdé lójú àlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Àdììtú Olódùmarè ti 1961. Lẹ́yìn tí ìyà ti lé Àdììtú wọ igbó, ṣé òun àti Ìyùnadé kò kọ lẹ́tà ìfẹ́ síra wọn ni? Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ọ̀nà yìí ti là.

Mo bi méje léèrè nínú àwọn tí ń bú u. Mẹ́ta kò tíì ka ìwé náà. Mẹ́rin yòókù kò ní ojú ewé ìtàn kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ní Yorùbá. Mo bẹ Olóòtú kí ó ya ojú ewé mẹ́rin sọ́tọ̀ nínú ìwé wa tí ń bọ̀ fún ìtàn ìfẹ́ àti idán. Ẹni tí Ìlọrin etí òkun bá ń bí nínú, kí ó gbé Ìlọrin tirẹ̀ wá, kí ọfọ̀ inú rẹ̀ jẹ́, kí àmì ohùn rẹ̀ sì pé.